Ẹ Béèrè Kẹ́ Ẹ Gbọ́: Ta Ló Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Yín?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo yín: bí èèyàn ṣe ń jókòó síbì kan táá máa lo kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, àti bí kò ṣe ní jẹ́ pé olè ló máa bá a lò ó. Mo ṣa márùn-ún. Mo gé àwọn kan kúrú, ẹ má bínú, ẹnì kan kọ ojú ewé mẹ́ta kó tó kan ìbéèrè, mo sì ka gbogbo ẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ló ra láptọ́ọ̀pù fún mi, òun náà ló ń bá mi ṣe ìwé owó àti fọ́tò aṣọ tá à ń gbé sórí Instagram. Tó bá fẹ́ ṣe é, á ní kí n ṣí AnyDesk kí n ka nọ́ńbà ibẹ̀ fún òun, tí mo bá ti ṣe é tán ọfà yẹn á wá máa rìn fúnra ẹ̀ lójú sikirínì, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan pè mí, ó ní báǹkì lòun ti ń pè, pé BVN mi fẹ́ kú, kí n gbé AnyDesk yìí kan náà sórí fóònù mi kóun bá mi tún un ṣe. Mo ní kó dúró kí n bi ọmọ mi, ló bá fi ìbínú pa fóònù. Ṣé AnyDesk yẹn ni olè ni àbí ọkùnrin yẹn? — Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú

Mà, ẹ kú oríire. Gbólóhùn kékeré tẹ́ ẹ sọ yẹn, "dúró kí n bi ọmọ mi", òun ló yọ yín. Ọkùnrin yẹn ni olè, AnyDesk ò jalè. Àdá tí àgbẹ̀ fi ń ṣán oko náà ni ìgárá ń gbé dání lóru.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí ọmọ yín bá ti wọlé, AnyDesk á máa ya àwòrán sikirínì yín léraléra, kíákíá bíi fíìmù, á máa fi ránṣẹ́ sí Kánádà, ohun tí ọmọ yín bá wá fi máòsì àti kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣe lọ́hùn-ún á máa padà wá sí Ìtòkú, ìdí nìyẹn tí ọfà fi ń rìn láìsí ọwọ́ lórí ẹ̀. Wọ́n ti fi àṣírí bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, ẹni tó bá yọjú sí i lọ́nà ò ní rí nǹkan kan kà. Àwọn Jámánì ló ni ín, Stuttgart ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2014, TeamViewer tó ti wà láti 2005 náà, Jámánì ni, Göppingen. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe méjèèjì fún.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń kà fún un, àdírẹ́ẹ̀sì ni, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ó dà bíi kẹ́ ẹ sọ fún èèyàn pé ṣọ́ọ̀bù yín ni ìkẹta lápá òsì. Ẹni tó mọ ṣọ́ọ̀bù yín ò tíì wọlé. Ìgbà tí àpótí kékeré yẹn bá jáde pé lágbájá fẹ́ wọlé, tẹ́ ẹ wá tẹ Accept, ìgbà yẹn gan-an lẹ ṣílẹ̀kùn. Bọ́tìnì yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Tó bá jẹ́ pé ẹ gbé e sórí fóònù bí ọkùnrin yẹn ṣe fẹ́, gbogbo ohun tó bá yọ lójú fóònù yín lòun náà á máa rí. Báǹkì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ pé ẹ má fún ẹnikẹ́ni o, kò tiẹ̀ ní bi yín, ó ti kà á níwájú yín. Ẹ ṣí áàpù báǹkì, ó ń wo iye tó wà níbẹ̀. Àwọn áàpù báǹkì kan máa ń sọ sikirínì di dúdú tí ẹlòmíì bá ń wò ó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì tó nílò kó rí ojú fóònù yín kó tó tún BVN ṣe. BVN ò sì kì í kú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń já wa láyà nìyẹn.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ ìyá tèmi ló ni láptọ́ọ̀pù yẹn: áàpù náà ò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà tí ọmọ ò bá sí níbẹ̀, tó bá ti ṣe tán kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ rí i pé ó ti kúrò lójú sikirínì. Páswọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń fi sí i kí èèyàn lè wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ Accept, ẹ ní kó yọ ọ́, ẹ̀yin wà níbẹ̀, ẹ lè tẹ bọ́tìnì fúnra yín. Kó sì máa fi tuntun rọ́pò áàpù ọ̀hún déédéé, torí lóṣù kejì 2024 AnyDesk fúnra wọn jáde sọ pé àwọn kan wọ kọ̀ǹpútà tàwọn, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn tó ní àkántì pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì gba èyí tuntun. Ilé tó ń ta àgádágodo náà, olè lè jà á.

Ohun kan wà tó ń dùn mí tí mi ò rí i kí wọ́n máa sọ. Olè lè jí WhatsApp ọmọ yín, á wá kọ̀wé sí yín pé "Mọ́mì, ẹ ṣí AnyDesk." Nítorí náà kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ pè é, fídíò, kẹ́ ẹ rí ojú ẹ̀. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá jẹ́ kí fídíò ṣe é ṣe, ẹ bi í ní oríkì tẹ́ ẹ fi ń pè é nílé. Ọmọ yín á rẹ́rìn-ín. Olè á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Tí ẹnì kan nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí bá sì ti tẹ Accept fún irú ọkùnrin yẹn, ẹ má bá a jà lórí fóònù, ẹ pa dátà àti Wi-Fi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun tó ń lò nìyẹn. Ẹ yọ áàpù náà, ẹ fi fóònù ẹlòmíì pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín kí wọ́n ti àkántì, fóònù ẹlòmíì yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé báǹkì.

Ìyàwó mi ń tẹ fóònù títí di òru. Áàpù wo ni mo lè gbé sínú ẹ̀ tí màá fi máa rí sikirínì ẹ̀ lórí tèmi láìjẹ́ pé ó mọ̀? — Bàbá Aláìsùn, Àsẹ́rò

Mi ò ní sọ. Àwọn áàpù tó dáa tá à ń sọ̀rọ̀ wọn níbí máa ń gbé àmì sójú sikirínì pé ẹnì kan wà nínú ilé, tinútinú ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ń fara pamọ́ fún ẹni tó ni fóònù, iṣẹ́ olè ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ń ta á náà sì lè máa wo fóònù ìyàwó yín pẹ̀lú yín, fọ́tò àwọn ọmọ àti gbogbo ẹ̀. Ẹ lọ ka ẹsẹ 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ó dárúkọ ọ̀rọ̀ orí fóònù ní tààrà pé ti oní-ǹkan ni. Òru yẹn náà, tẹ́ ẹ bá jókòó tì í kẹ́ ẹ bi í pé kí ló ń wò, ó lè jẹ́ pé ọbẹ̀ ló ń kọ́.

Ẹ̀gbọ́n, FUNAAB ni mo wà ní Alábàtà, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́bùsáìtì. Mo háyà sẹ́fà kékeré kan lókè òkun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, SSH, ètò tí wọ́n fi ń lo kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, ni mo fi ń wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ó kọ nǹkan kan gùn-ún-ùn, ó ní ṣé kóun tẹ̀ síwájú, mo kàn tẹ yes. Mo wá wo lọ́ọ̀gì ẹ̀ lánàá, ìwé tó ń kọ orúkọ ẹni tó bá fẹ́ wọlé sí, mo rí àwọn èèyàn tó ń gbìyànjú láti wọlé ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, wọ́n ń fi orúkọ bíi root, admin, test, mi ò mọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yéé lo páswọ́ọ̀dù kí n lo kọ́kọ́rọ́, ó ní ọ̀kan wà tí mo lè fún gbogbo ayé. Kọ́kọ́rọ́ wo lèèyàn ń fún gbogbo ayé? — Ọmọ Alábàtà

Àbúrò, ìbéèrè tìẹ ni màá jókòó tì jù, torí òun ni mo fẹ́ràn jù.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí SSH ti wá. Láyé telnet, tó o bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíì, gbogbo ohun tó o bá tẹ̀ ló ń lọ gbalaja lórí wáyà, títí kan páswọ́ọ̀dù. Bí ẹni tó dúró ní Kútọ̀ tó ń pariwo PIN ATM ẹ̀ sí ẹni tó wà lódìkejì títì. Ní 1995, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti ń fetí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Helsinki, ní Finland, ó ń ṣa páswọ́ọ̀dù àwọn èèyàn bí ẹni ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Tatu Ylönen tó ń ṣèwádìí níbẹ̀ ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́, ló bá jókòó kọ SSH lọ́dún yẹn kan náà. Ó wá kọ̀wé sí àwọn tó ń pín nọ́ńbà pọ́ọ̀tù, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí ètò kọ̀ọ̀kan ń gbà wọ kọ̀ǹpútà, pé kí wọ́n fún òun ní 22, torí ó wà láàárín 21 tí FTP, èyí tí wọ́n fi ń gbé fáìlì, ń lò àti 23 tí telnet ń lò, wọ́n sì fún un, ìdí tó fi jẹ́ 22 nìyẹn títí dòní. OpenSSH tí gbogbo wa ń lò báyìí, àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló gbé e jáde ní 1999, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣé o mọ ẹnà? Bá a ṣe ń fọ̀ ọ́ nígbà tá a wà ní kékeré kí àwọn àgbà má bàa gbọ́. Ohun tí SSH ń ṣe nìyẹn, àmọ́ kọ̀ǹpútà méjèèjì á kọ́kọ́ dá ẹnà tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, òun ni wọ́n á máa fọ̀ títí wàá fi jáde, tó o bá padà wá lọ́la wọ́n á dá òmíì. Ẹni tó dúró láàárín á gbọ́ ariwo lásán.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣá. Ẹnà dáa, àmọ́ ta lò ń bá fọ̀ ọ́? Ohun gùn-ún-ùn tó o tẹ yes sí yẹn, ohun tó ń bi ẹ́ nìyẹn. Ó ń sọ pé òun ò rí sẹ́fà yìí rí, àmì ìka ọwọ́ ẹ̀ rèé, ṣé o dá a mọ̀? Ó yẹ kó o lọ wo ojú ewé àwọn tó o háyà ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń jẹ́ kó o rí àmì yẹn níbẹ̀ tàbí kó o ti kọ́ńsóòlù wọn, fèrèsé sẹ́fà ẹ tó wà lórí wẹ́bùsáìtì wọn, wò ó, kó o fi wé èyí tó wà lójú sikirínì ẹ kó o tó tẹ yes. Èèyàn mélòó ló ń ṣe é? Èmi náà ò kì í ṣe é nígbà gbogbo, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àmọ́ tó bá di ọjọ́ kan tí SSH fi lẹ́tà ńláńlá pariwo pé àmì sẹ́fà tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti yí padà, dúró o. Yálà ìwọ fúnra ẹ tún sẹ́fà yẹn tò, àbí ẹnì kan ti dúró láàárín ẹ̀yin méjèèjì tó ń pe ara ẹ̀ ní sẹ́fà. Ẹ̀yin ọmọdé yìí máa ń kàn pa ìlà yẹn rẹ́ kúrò nínú known_hosts, fáìlì tí SSH ń kọ àmì àwọn sẹ́fà tó mọ̀ sí, kí ariwo lè tán, bí ẹni tó fa wáyà aago olè já torí ó ń dun òun létí.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá kù. Ohun tó dà ẹ́ láàmú ni pé wọ́n pè é ní kọ́kọ́rọ́. Gbàgbé kọ́kọ́rọ́, sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìtòkú. Ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ti sè, á fi máa ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun kó tó rì í sínú aró. Ẹni tó bá ti ń ṣe é fún ogún ọdún, tí wọ́n bá gbé aṣọ ẹ̀ jáde láàárín igba aṣọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n á ní "iṣẹ́ ọwọ́ ìyá báyìí nìyí". Gbogbo ọjà ló lè dá a mọ̀. Òun nìkan ló lè yà á.

Ìdajì kan nínú kọ́kọ́rọ́ SSH ni ojú tó ń dá iṣẹ́ mọ̀, ìdajì kejì ni ọwọ́ tó ń yà á. Ojú lo máa fún sẹ́fà, òun ni fáìlì tó parí sí .pub. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kúrò lára láptọ́ọ̀pù ẹ láé. Tó o bá fẹ́ wọlé, ẹ̀yin méjèèjì á gé aṣọ tuntun kan tí kò sí irú ẹ̀ rí, láptọ́ọ̀pù ẹ á ya iṣẹ́ sí i, á nà án sí sẹ́fà, sẹ́fà á wò ó pé ọwọ́ ẹni tóun mọ̀ ni, á ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá jí aṣọ àná ò lè fi wọlé lónìí torí aṣọ òní yàtọ̀. Ẹni tó bá jí gbogbo ohun tó wà lórí sẹ́fà, ojú ló rí jí.

Ní ti ṣíṣe, kò le. Tẹ ssh-keygen -t ed25519 lórí láptọ́ọ̀pù ẹ, tó bá bi ẹ́ ní ọ̀rọ̀ aṣínà fún un tẹ ọ̀rọ̀ gígùn kan, má kàn máa tẹ Enter, torí tí wọ́n bá jí láptọ́ọ̀pù yẹn gbé ní hósítẹ̀ẹ̀lì òun ni kò ní jẹ́ kí wọ́n lò ó. Fi ssh-copy-id gbé ojú lọ sí sẹ́fà. Tó o bá wà lórí Windows 10 tàbí 11, ssh ti wà nínú ẹ̀, PuTTY tí Simon Tatham kọ náà dáa, àmọ́ orí ojú ewé òun fúnra ẹ̀ ni kó o ti gbà á, ayédèrú pọ̀ níta. Ọmọ kan nínú àwọn tí mo kọ́ fi fáìlì tí kò ní .pub sórí gúrúùpù WhatsApp, ó ní kẹ́nì kan bá òun wò ó bóyá ó dáa. Gbogbo gúrúùpù ti gba ọwọ́ ẹ̀ nìyẹn, a ní láti ṣe òmíì.

Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, lọ sínú sshd_config, fáìlì sẹ́tíǹgì SSH tó wà lórí sẹ́fà, kó o sọ PasswordAuthentication di no. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn ẹ yẹn, o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ni, ó ń rìn kiri gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń tẹ bẹ́ẹ̀lì ilé onílé tó ń sá lọ. Tí kò bá ti sí páswọ́ọ̀dù tí wọ́n lè méfò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kàn án. Fail2ban náà wà tó máa ń lé ẹni tó bá kàn án ju bó ṣe yẹ lọ, gbé e síbẹ̀ tó o bá fẹ́ kí lọ́ọ̀gì ẹ dákẹ́.

Kó o tó pa fèrèsé tó o fi ṣe àtúnṣe yẹn, ṣí fèrèsé kejì kó o fi wọlé wò. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kan wà tí mo gbé sí yàrá tí mo háyà ní Sápọ́n nígbà kan, èmi wà nílé l'Ọ́báńtòkó, aago mẹ́wàá alẹ́, mo ń fi SSH tún un tò. Mo tan fáyawọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ohun tó lè wọlé, láìkọ́kọ́ sọ fún un pé kó jẹ́ kí SSH máa wọlé, mo jáde, mo rántí ohun kan, mo ní kí n padà, ó ní rárá. Mo gbìyànjú ẹ̀ bí ìgbà mẹ́fà bí ẹni pé ó máa yí ọkàn padà. Iṣẹ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn, òjò sì ń rọ̀. Mo wá ọ̀kadà, mo dé Sápọ́n tí gbogbo ara mi tutù, ìyá onílé ró ìró wá ṣílẹ̀kùn, ó ní "ṣé wọ́n ti jí i ni?" Mo ní rárá Mà, èmi ni mo ti ara mi síta. Títí dòní tó bá rí mi, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Ó tún wà lọ́kàn mi pé kí n sọ ti 2024. Lóṣù kẹta ọdún yẹn, Andres Freund, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, rí i pé SSH ń pẹ́ kó tó dáhùn, kò ju bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ọ̀pọ̀ wa á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó tọ ipa ẹ̀ lọ, ó bá a dé inú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní xz, tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, ẹnì kan ti fọgbọ́n ki ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bọ 5.6.0 àti 5.6.1 ẹ̀ láti fi wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Ọlọ́run yọ wá, kò tíì tàn dé ọ̀pọ̀ sẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà tí nǹkan tó o mọ̀ dáadáa bá ń ṣe bákan, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ó ti pọ̀ jù.

Ọ̀gá, mo ní bísíńẹ̀ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Pánsẹ́kẹ́. Ọmọ kan bá mi ṣí Remote Desktop lórí ráútà kí n lè máa wo ọ́fíìsì láti ilé, páswọ́ọ̀dù ẹ̀ ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti 123. Mo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, próójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé, ìwé ìpè ìgbéyàwó, gbogbo ẹ̀ ò ṣí mọ́, orúkọ fáìlì ti yí padà, ìwé kan wà níbẹ̀ pé kí n fi Bitcoin ránṣẹ́. Ṣé kí n san? — Ọ̀gá Pánsẹ́kẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ má tíì san. Ẹni tó ti fáìlì yín pa ò ṣèlérí nǹkan kan, àwọn kan san tán wọn ò rí kọ́kọ́rọ́ gbà.

Ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ lára gbogbo kọ̀ǹpútà, kó má bàa ràn. Ẹ má tíì pa nǹkan rẹ́, ẹ ya fọ́tò ìwé tó wà lójú sikirínì. Ẹ wá fi kọ̀ǹpútà míì lọ sórí nomoreransom.org, àwọn Europol, àjọ ọlọ́pàá Yúróòpù, àti ọlọ́pàá ilẹ̀ Netherlands pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà bíi Kaspersky ló dá a sílẹ̀ ní 2016, tẹ́ ẹ bá fi fáìlì kan hàn wọ́n, wọ́n á sọ irú èyí tó mú yín, àwọn kan wà tí kọ́kọ́rọ́ wọn ti wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí tiyín ò bá sí, ẹ tọ́jú fáìlì náà sórí hard drive kan, kọ́kọ́rọ́ lè jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi tó ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì létí, NPF-NCCC.

Kẹ́ ẹ tó sunkún ṣá, ẹ rò ó: báwo ni iṣẹ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín? Kọsítọ́mà á ní "ẹ ṣí WhatsApp, mo ti fi ránṣẹ́", òmíì á fi sí Gmail. Ìdajì àwọn próójẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà níbẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ní ti bó ṣe ṣẹlẹ̀, pọ́ọ̀tù 3389 ni ọmọ yẹn ṣí, òun ni Remote Desktop ń lò, àwọn ẹ̀rọ tí mo sọ fún ọmọ Alábàtà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń kan òun náà tọ̀sán-tòru. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lára pátákó níta tí wọ́n fi 123 kún, ẹ ò lè pè é ní páswọ́ọ̀dù. Kódà tí páswọ́ọ̀dù bá le, ní 2019 wọ́n rí ihò kan tí wọ́n sọ ní BlueKeep nínú Remote Desktop àwọn Windows àtijọ́, tí èèyàn lè gbà wọlé láìní páswọ́ọ̀dù rárá, ó burú débi pé Microsoft tún ṣe oògùn fún Windows XP tí wọ́n ti pa tì láti 2014. Nítorí náà 3389 ò gbọdọ̀ yọjú síta láé.

Ẹ lè máa wo ọ́fíìsì láti ilé o, ọ̀nà abẹ́lé ni kẹ́ ẹ gbà. Tailscale ni mo máa ń sọ fún àwọn tí kò fẹ́ wàhálà, orí WireGuard, ètò tó ń fi ẹnà so kọ̀ǹpútà pọ̀, ni wọ́n kọ́ ọ lé, èyí tí wọ́n ti gbé sínú Linux láti 2020. Á so kọ̀ǹpútà ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù pọ̀ bí ẹni pé inú yàrá kan ni wọ́n wà, Remote Desktop á máa gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ ò ní ṣí nǹkan kan lórí ráútà, ará ìta ò sì ní rí ilẹ̀kùn tí wọ́n á kàn. Ẹni tó bá ń lo íntánẹ́ẹ̀tì onísíìmù tàbí Starlink, lọ́pọ̀ ìgbà kò tiẹ̀ sí bó ṣe máa ṣí pọ́ọ̀tù lórí ráútà tó máa ṣiṣẹ́, torí àdírẹ́ẹ̀sì kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò bí ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ tó ní gbọ̀ngàn kan, Tailscale ló máa bá òun náà ṣe é.

Ẹ wá ra hard drive kan. Ẹ máa kó iṣẹ́ sí i lálaalẹ́ Fúráídè, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó lọ sílé. Èyí tó bá wà lára kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, wọ́n á tì í pa pẹ̀lú àwọn yòókù.

Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè sí Fúráídè, ilé mi wà ní Láfẹ́nwá. Mo gbé Chrome Remote Desktop sórí kọ̀ǹpútà ilé, àmọ́ ìgbà tí mo bá nílò fáìlì gan-an ló máa ń sọ pé offline. Kí ló dé? — Aláago Márùn-ún Àárọ̀

Iná ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kọ̀ǹpútà tó ti kú ò lè dáhùn, áàpù yòówù kẹ́ ẹ gbé sí i. Ẹ wò ó bóyá òun fúnra ẹ̀ náà ló máa ń sùn, ẹ lọ sínú sẹ́tíǹgì kẹ́ ẹ ní kó má sùn tó bá wà lára iná. Tó bá jẹ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù, ibì kan wà nínú BIOS, sẹ́tíǹgì tó máa ń wà kí Windows tó ṣí, tẹ́ ẹ ti lè ní kó máa dìde fúnra ẹ̀ tí iná bá dé. Láptọ́ọ̀pù ló dáa jù fún irú iṣẹ́ yìí torí bátìrì, kẹ́ ẹ sì so ráútà mọ́ mini UPS kékeré kan, torí tí ráútà bá kú, bátìrì láptọ́ọ̀pù ò ní wúlò fún yín. PIN ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní nọ́ńbà mẹ́fà, ẹ má lo ọjọ́ ìbí.

Tàbí kẹ́ ẹ kàn máa da fáìlì yẹn sórí Google Drive ní alẹ́ Sọ́ńdè kẹ́ ẹ tó sùn. Fún ẹni tó ń gbé Láfẹ́nwá, mo rò pé ìyẹn ni mo máa ṣe.